Bí Ẹ Ṣe Lè Jiyàn Tó Mọ́gbọ́n Dání Lórí Ináwó Olówó Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù àti Ọjọ́ Iwájú Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kan bá ti pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta léra wọn, ariwo méjì ló máa ń sọ láàárín àwọn alátìlẹyìn rẹ̀. Àwọn kan á ní ahun ni olówó ẹgbẹ́, ìyẹn ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà. Àwọn kan á ní owó tó ná ti tó, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni kò mọ ohun tó ń ṣe. Àríyànjiyàn yìí kì í níyanjú nítorí pé ẹjọ́ méjì ni wọ́n ń rò pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ní láárí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye tí wọ́n ná gan-an, kí ó mọ ẹni tó ni owó náà, kí ó sì mọ ẹni tó yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n fi owó ọ̀hún rà, kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Iye tí àwọn oníròyìn gbé jáde lọ́jọ́ tí agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ìwé kọ́ ni iye tí ẹgbẹ́ máa kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ọdún náà. Àwọn oníṣirò máa ń pín owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù sí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ra ẹnì kan ní mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn, tí ó sì fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 5: mílíọ̀nù 12 ni yóò wọ inú ìwé ìṣirò lọ́dọọdún. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 150,000 pọ́n-ùn lọ́sẹ̀, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 7.8 lọ́dún, àròpọ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 20. Iye yìí ló yẹ kí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́, kì í ṣe mílíọ̀nù 60 tí gbogbo èèyàn ń pariwo. Lẹ́yìn ọdún 2, ohun tó kù lórí rẹ̀ nínú ìwé jẹ́ mílíọ̀nù 36. Bí wọ́n bá wá tà á ní mílíọ̀nù 40, àwọn alátìlẹyìn á ní mílíọ̀nù 20 ti ṣòfò, ṣùgbọ́n nínú ìwé, èrè mílíọ̀nù 4 ni wọ́n kọ. Ojú ìwé ìṣirò yìí sì ni àwọn aláṣẹ líìgì fi ń wo ẹgbẹ́.

Ìdí nìyí tí ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ fi máa ń yá sí títa ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà fúnra wọn. Wọn ò náwó rà á, nítorí náà gbogbo owó tí wọ́n bá tà á ló di èrè lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Chelsea ta irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Mason Mount, fún Manchester United ní 2023, tí wọ́n sì tún ta Conor Gallagher fún Atlético Madrid ní 2024, ẹni tó bá ń wo bọ́ọ̀lù nìkan kò ní rí ọgbọ́n kan níbẹ̀. Chelsea kan náà ló ra Enzo Fernández ní nǹkan bí mílíọ̀nù 107 pọ́n-ùn ní oṣù kìíní 2023, tí wọ́n sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́jọ ààbọ̀, kí owó náà lè rọ̀ sí bíi mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ lọ́dún. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, rí ọgbọ́n ọ̀hún, wọ́n sì dí ojú rẹ̀ lọ́dún yẹn: bó ti wù kí àdéhùn gùn tó, ọdún 5 ni wọ́n gbà kí wọ́n pín owó sí. Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà ṣe òfin kan náà ní ìparí 2023.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè owó ta ni. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé lágbájá ti ná bílíọ̀nù kan lórí ẹgbẹ́ wa, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí kọ́bọ̀ má ti jáde lápò lágbájá. Nígbà tí ìdílé Glazer ra Manchester United ní 2005 ní nǹkan bí mílíọ̀nù 790 pọ́n-ùn, owó yíyá ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé gbèsè náà ka ẹgbẹ́ lórí. Láti ìgbà náà, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti owó tẹlifíṣọ̀n ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń san èlé. Ọ̀tọ̀ ni ti Roman Abramovich, tó yá Chelsea ní nǹkan bí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn láàárín 2003 sí 2022, tó sì fi jì wọ́n nígbà tí wọ́n ta ẹgbẹ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ra agbábọ́ọ̀lù olówó gọbọi lákòókò kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń ná ohun tó pa fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti san gbèsè tán, èkejì ń ná owó olówó rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe àwọn méjèèjì ní olówó tó ń náwó kò tíì sọ nǹkan kan.

Kò ṣòro láti rí àwọn ìṣirò wọ̀nyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹgbẹ́ tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò ọdọọdún ránṣẹ́ sí Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé náà pọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wá: owó tó wọlé, owó iṣẹ́, owó àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n pín sí ọdọọdún, àti èlé orí gbèsè. Ìyókù lè dúró.

Òfin ìnáwó tún wà níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé bí olówó bá ti lọ́rọ̀, kò sóhun tó dí i lọ́wọ́, ó kàn ń hawọ́ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Premier League kò gbà kí ẹgbẹ́ pàdánù ju mílíọ̀nù 105 pọ́n-ùn lọ láàárín ọdún 3, kódà bí olówó rẹ̀ bá ṣe tán láti fi owó ara rẹ̀ dí i. Wọ́n yọ àmì 10 lórí Everton ní oṣù kọkànlá 2023 nítorí èyí. Nígbà tí wọ́n pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó di 6, wọ́n sì tún yọ 2 mìíràn ní oṣù kẹrin 2024. Nottingham Forest pàdánù 4. Láti sáà 2026-27, wọ́n ti yí òfin náà padà sí ìdá 85 nínú 100 owó tó ń wọlé gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tí ẹgbẹ́ lè ná sórí agbábọ́ọ̀lù; ti UEFA le jù bẹ́ẹ̀, ìdá 70 ni. Àmọ́ owó tí olówó bá ná sórí pápá ìṣeré, sórí àwọn èwe tàbí sórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kò sí lára ohun tí òfin àdánù yẹn kà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀sùn ahun kan olówó, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òrùlé pápá bá ń jò, tí pápá ìgbaradì sì ti gbó, ẹ̀sùn yín dúró. Kò sí òfin tó ní kí ó má tún wọn ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ olówó àti ti akọ́nimọ̀ọ́gbá ti pàdé ni ìbéèrè nípa ẹni tó yan agbábọ́ọ̀lù. Ìbéèrè yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń fò. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní olùdarí ètò bọ́ọ̀lù tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa rà, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá á kàn máa sọ irú ẹni tí òun fẹ́. Ẹ wo Chelsea ní 2022: Todd Boehly, ọ̀kan lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹgbẹ́ náà, ló fúnra rẹ̀ ṣe adelé olùdarí ètò bọ́ọ̀lù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, wọ́n ná owó tó lé ní mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn, àsìkò ríra àti títà parí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, nígbà tó sì di ọjọ́ keje, wọ́n ti já ìwé lọ-gbélé-ẹ fún Thomas Tuchel, tó gba ife Champions League fún wọn ní 2021. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀bi ta ni owó yẹn? Ẹ wá fi wé Antony, tí Manchester United ra lọ́wọ́ Ajax lọ́dún yẹn kan náà ní mílíọ̀nù 95 yúrò. Erik ten Hag, akọ́nimọ̀ọ́gbá Manchester United nígbà náà, ló ti kọ́ ọ ní Ajax, òun ló sì fẹ́ ẹ. Bí agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kò bá ṣe dáadáa, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè yọ ọwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbà láti san irú owó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé orí akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ má fi ipò rẹ̀ lórí tábìlì nìkan dá a lẹ́jọ́. Ẹ to àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì bí owó iṣẹ́ wọn ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ wá wo ibi tí tiyín wà. Owó iṣẹ́ máa ń sọ ibi tí ẹgbẹ́ máa parí sí ju owó ìràwọlé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Leicester, tó gba líìgì ní 2016 láìjẹ́ pé owó iṣẹ́ rẹ̀ ga, fi hàn pé kì í ṣe ìgbà gbogbo. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí owó iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ipò kẹsàn-án, tó sì parí sí ipò keje, ti ṣiṣẹ́, ẹ báà tilẹ̀ korò ojú.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní xG máa ń fi bí àyè kọ̀ọ̀kan ṣe dára tó ṣírò iye góòlù tó yẹ kí ẹgbẹ́ jẹ. Pẹnáritì kan, fún àpẹẹrẹ, wà ní nǹkan bí 0.76. Bí ẹgbẹ́ yín bá ń pàdánù àmọ́ tí xG rẹ̀ ga ju ti alátakò lọ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́wàá, atamátàsé tàbí oríire ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ń borí, tí àwọn alátakò sì ń rí àyè tó dára jù ú lọ, ẹ múra sílẹ̀. Manchester United gba FA Cup ní oṣù karùn-ún 2024, wọ́n sì fi ọdún kún àdéhùn ten Hag ní oṣù keje, ṣùgbọ́n ipò kẹjọ ni wọ́n ti parí líìgì sáà yẹn, góòlù tí wọ́n jẹ wọn sì ju èyí tí wọ́n jẹ lọ. Kò tíì pé oṣù 4 tí wọ́n fi lé e. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti gba ife náà, ló tàn wọ́n jẹ, ó sì ná wọn ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn láti fi tú òun àti àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún sùúrù máa ń dárúkọ Alex Ferguson, tó dé Manchester United ní 1986, tí kò sì gba ife kankan títí di 1990. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àìmọye akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n ní sùúrù fún tí nǹkan kò yí padà, a kàn kì í rántí orúkọ wọn ni. Ẹ̀rí ni kí sùúrù dúró lé. Ti Mikel Arteta ní Arsenal wúlò jù: ipò kẹjọ ló parí sí lẹ́ẹ̀mejì, ní 2020 àti 2021, Arsenal sì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 àkọ́kọ́ sáà tó tẹ̀ lé e láìjẹ góòlù kankan. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo ọjọ́ orí àwọn mẹ́fà tí wọ́n rà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, Ødegaard, White, Ramsdale àti àwọn yòókù, yóò rí i pé kò sí èyí tó ju ọmọ ọdún 23 lọ. Olówó àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ti fẹnu kò lórí iṣẹ́ ọlọ́dún púpọ̀, ìnáwó wọn sì bá ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mu. Ipò karùn-ún ni wọ́n parí sí, lẹ́yìn náà ipò kejì fún sáà 3 léra.

Tí ẹ bá wá gbà pé kí wọ́n lé e, ẹ ní láti dárúkọ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀. Ẹ sọ bí ó ṣe ń to ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ka àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà nílẹ̀ tí wọ́n bá ètò náà mu. Ruben Amorim, tó rọ́pò ten Hag, ń lo adènà 3 sẹ́yìn, ẹgbẹ́ tó bá nílẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n rà fún ètò adènà 4. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n parí sí ní 2025. Bí agbábọ́ọ̀lù márùn-ún bá ní láti lọ kí tuntun tó lè ṣiṣẹ́, ẹ fi iye wọn kún owó ìdágbére, kí ẹ sì padà síbi ìṣirò ọdọọdún tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òfin yóò gbà á.

Kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá jiyàn sì fẹnu kò ṣáájú lórí ohun tó máa yí ọkàn yín padà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa tún un wò: bí àpẹẹrẹ, bí xG kò bá tíì sunwọ̀n títí oṣù kìíní, ẹni tó ń gbèjà akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò jáwọ́, bó bá sì ti sunwọ̀n, ẹni tó ń pè fún lílé e yóò fún un di òpin sáà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé bí góòlù ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún kan bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tó sọ lóṣù tó kọjá.