Bẹ́ ẹ ṣe máa bá agbawèrèmẹ́sìn sọ̀rọ̀ láìjà

Tí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí yín bá ti ń sọ pé gbogbo ẹni tí ò ṣe ẹ̀sìn òun ni ọ̀tá Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ́kọ́ bá a jiyàn o, iyàn yẹn ló máa ń jẹ́ kó túbọ̀ le, ẹ bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ dé ìparí. Ìgbà yẹn lẹ lè rán an létí pé Kùránì 2:256 ní kò sí ìfipámúni nínú ẹ̀sìn, Jésù náà sì fi ará Samáríà, táwọn Júù ò kà mọ́ ara wọn, ṣe àpẹẹrẹ aládùúgbò rere nínú Lúùkù 10. Ẹ wá jẹ́ kó bá ẹlẹ́sìn míì ṣiṣẹ́ pọ̀, iṣẹ́ gidi o, kì í ṣe ìpàdé. Àmọ́ tó bá ti ń sọ pé òun máa pa èèyàn, ẹ sọ fún ọlọ́pàá kíá.