Bí mo ṣe jẹ́ kí script Python mọ ibi tó wà gan-an, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti orí symlink pè é

Script náà wà ní /opt/iroyin/v3/bin/iroyin.py. Fáìlì ètò rẹ̀ wà ní /opt/iroyin/v3/conf/eto.ini. Kí wọ́n lè máa pe `iroyin` láti fódà èyíkéyìí, mo ṣe symlink kan, ìyẹn fáìlì kékeré tó kàn ń tọ́ka sí ibòmíràn, mo sì fi sí /usr/local/bin/iroyin. Symlink yìí kò tọ́ka sí v3 tààrà. Ó gba inú symlink mìíràn kọjá, /opt/iroyin/current, tó ń tọ́ka sí ẹ̀dà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju pé kí script rí eto.ini tirẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti pè é.

Mo kọ́kọ́ ní kó tẹ `__file__` jáde, ìyẹn ibi tí Python gbà pé fáìlì script náà wà. /usr/local/bin/iroyin ló gbé wá, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi pè é. os.path.abspath kò yí èyí padà, torí ọ̀rọ̀ lásán ni abspath ń tò, kì í bi dísìkì léèrè ohunkóhun. Téèyàn bá gòkè lẹ́ẹ̀mejì láti ibẹ̀, /usr/local ló máa bá ara rẹ̀, script á wá máa wá /usr/local/conf/eto.ini tí kò sí níbì kankan. FileNotFoundError ló máa já sí.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà níbí ni pé import kò ní kọsẹ̀ rárá. Kí Python tó fi fódà script sí sys.path[0], ìyẹn ibi àkọ́kọ́ tó ti ń wá module, ó máa ń tẹ̀lé symlink ná. Nítorí náà module tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iroyin.py á wọlé wẹ́rẹ́, fáìlì ètò nìkan ló máa di àwátì. Ẹni tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè máa yẹ permission (àṣẹ láti ka fáìlì) wò, kò sì sóhun tó ṣe permission.

Ìlà tó yanjú rẹ̀ nìyí:

from pathlib import Path
ILE = Path(__file__).resolve().parent.parent
ETO = (ILE / "conf" / "eto.ini").resolve(strict=True)

resolve() ń tẹ̀lé gbogbo symlink tó wà lójú ọ̀nà, ti àárín àti ti ìparí. Ẹ má ṣe pààrọ̀ ipò wọn o: bí ẹ bá kọ `.parent.parent.resolve()`, ẹ ti gòkè kúrò lórí symlink kí ẹ tó tẹ̀lé e, /usr/local náà lẹ máa padà sí. strict=True ni mo fi sí ìlà kẹta kí àṣìṣe lè yọjú lójú ẹsẹ̀ bí eto.ini kò bá sí. Láìsí i, ọ̀nà tí kò débì kan ni resolve() á fà lé yín lọ́wọ́, kò sì ní sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn os.path lè lo os.path.realpath, láti Python 3.10 lòun náà ti ń gba strict=True.

Mi ò lo os.readlink. Symlink dà bí ìwé "a ti kó lọ" tí oníṣọ́ọ̀bù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: readlink kàn ń ka ìwé náà ni, realpath ló ń rìn débi tí wọ́n kó lọ. Níbi iṣẹ́ yìí, ohun tí readlink kà ni ../../../opt/iroyin/current/bin/iroyin.py. Láti /usr/local/bin ló yẹ kéèyàn ti ka àmì `..` wọ̀nyẹn (ìyẹn "gòkè sí fódà kan"), ṣùgbọ́n open() á kà wọ́n láti fódà tí prógíráàmù dúró sí. Lábẹ́ cron, tó ń pe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí wọ́n dá fún un, fódà yẹn sábà máa ń jẹ́ home ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

os.path.normpath, tó ń fi ọ̀rọ̀ lásán gé `..` kúrò nínú ọ̀nà, tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní current ń tọ́ka sí /mnt/disk2/v3. Lójú Linux, /opt/iroyin/current/../shared ni /mnt/disk2/shared. normpath á gé `current/..` dànù, á sì fún yín ní /opt/iroyin/shared. Fódà méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá nìyẹn, bí méjèèjì bá sì wà, kò ní sí àṣìṣe kankan tó máa kìlọ̀ fún yín.

Ó wá ku bí a ṣe ń gbé current láti v3 sí v4. Bí ẹ bá fi os.path.exists yẹ symlink tí ibi tó ń tọ́ka sí ti parẹ́ wò, False ló máa sọ. Bí ẹ bá wá pe os.symlink pẹ̀lú orúkọ yẹn, FileExistsError! os.path.lexists ló ń wo symlink fúnra rẹ̀. Mi ò pa current rẹ́ kí n tó ṣe tuntun, torí ẹni tó bá pe script láàárín méjèèjì kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi orúkọ mìíràn ṣe symlink tuntun, mo wá fi rọ́pò èyí tó wà:

os.symlink("v4", "/opt/iroyin/current.tuntun")
os.replace("/opt/iroyin/current.tuntun", "/opt/iroyin/current")

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìrọ́pò yẹn ń ṣẹlẹ̀, kò sí àlàfo. Script tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti fi ILE di v3 mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ka fáìlì rẹ̀ títí yóò fi parí. Nítorí náà, mi ò pa v3 rẹ́ títí ìgbà tí mo fi ps (àṣẹ tó ń to àwọn prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́) wò tí kò sí èyíkéyìí lára wọn mọ́.