Bí a ṣe ń rẹ abọ́ igi tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́ láró

Abọ́ igi tí a gbé sórí ẹ̀rọ tí ń yí, tí a sì fi irin gbẹ́ títí ó fi ṣe rogodo, máa ń dùn ún fọwọ́ pa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ igi funfun tó rọrùn láti rí ní ilẹ̀ wa, irú bí àfàrà àti arère, kì í ní àwọ̀ tí ojú ń dúró wò. Aró ni mo fi ń tún irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé igi fúnra rẹ̀ wà lára àwọ̀ tí à ń pò. Ara arère pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè tí kò tíì gbó, nítorí náà aró búlúù tó bá kàn án máa ń fẹ́ dà bí àwọ̀ ewé. Ẹ̀kán aró elésè àlùkò kan nínú ife ló máa ń dá a padà. Ẹni tí kò bá dán aró rẹ̀ wò lórí àjákù igi kan náà kò tíì mọ àwọ̀ tó fẹ́ fi pa abọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya aró sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀dà. Ọ̀dà máa ń jókòó sójú igi, yóò sì bo ìlà ara igi mọ́lẹ̀. Aró máa ń yòrò pátápátá nínú omi tàbí sípírítì, ó máa ń wọ inú fọ́nrán igi lọ, ìlà náà yóò sì túbọ̀ hàn. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ mọ ìlò méjèèjì. Lára ère ìbejì, osùn ni a fi ń pa ara, aró tàbí búlúù ìfọṣọ ni a sì fi ń kun irun orí. Búlúù ìfọṣọ kì í yòrò. Lúbúlúbú rẹ̀ kàn ń há sáàárín ìlà irun tí a fín ni, ìdí nìyẹn tó fi dára fún orí ère, tí kò sì dára fún ẹ̀gbẹ́ abọ́ dídán, níbi tí kò ti rí ohun dì mú.

Agbe ló laró, àlùkò ló losùn. Àwọ̀ méjèèjì ti mọ́ wa lára tipẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í wọ igi bákan náà. Àwọ̀ pupa inú osùn kì í fẹ́ yòrò nínú omi tútù, ó sì máa ń yòrò dáadáa nínú sípírítì. Bí ẹ bá da sípírítì sórí lúbúlúbú osùn nínú ìgò, tí ẹ dé e di ọjọ́ kejì, tí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ ó rí aró pupa tó mọ́ kedere. Bó pẹ́ bó yá, ìmọ́lẹ̀ yóò mú un pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èmi a sì máa fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aró elu kò ní yòrò láìsí omi eérú, bẹ́ẹ̀ ni ríri abọ́ gbígbẹ sínú ìkòkò aró lè mú kó wú kó sì sán, nítorí náà mo fi í sílẹ̀ fún aṣọ. Atale pupa ń fúnni ní àwọ̀ ìyeyè tó dára, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń tètè jẹ ẹ́. Fún àwọn àwọ̀ yòókù, ẹ wá aró lúbúlúbú tí a ṣe fún igi, tàbí aró olómi tí àwọn tó ń ran bàtà fi ń pa awọ. Ẹ má ṣe lo aró àdìrẹ tí a ń fi kọ́sítíìkì sódà pò, torí pé sódà náà máa ń jẹ ara igi, ó sì máa ń sọ ọ́ di ṣíṣókùnkùn.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú kí aró tó kan igi. Ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 120, 180, 240 àti 320 (èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ló kúnná jù) ha abọ́ náà ní títò-tẹ̀lé-ra, kí ẹ má sì fo ọ̀kankan, nítorí inú ojú ìhá tó bá ṣẹ́kù ni aró máa ń kó sí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí, ìhá náà máa ń yí abọ́ po bí òrùka. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró ní ìgbẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ọwọ́ ha á tẹ̀lé ìlà igi. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkísà tútù nu gbogbo ara rẹ̀. Fọ́nrán kéékèèké yóò dìde bí irun ọwọ́ ẹni tí òtútù mú. Tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà 400 rá wọn wẹ́rẹ́. Ẹ wo gbogbo ibi tí ẹ bá ti fi súpà gúlùù dí sísán, nítorí pé aró kì í mú níbẹ̀, àyè funfun ni yóò sì kù.

Abọ́ àfàrà àkọ́kọ́ tí mo rẹ jáde pẹ̀lú àbàwọ́n ṣíṣókùnkùn méjì tó kọjú síra wọn, mo sì rò pé aró náà ló bàjẹ́. Igi ni. Bí a bá fi pákó gbẹ́ abọ́, ibi méjì wà lára rẹ̀ tí ẹnu àwọn fọ́nrán igi ti kọjú síta, ibẹ̀ sì máa ń fa aró mu ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ní báyìí, ibi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ máa ń ha kúnná ju ìyókù lọ, tí mo sì ń fi omi lásán, tàbí sípírítì lásán bó bá jẹ́ aró sípírítì, rin wọ́n kí aró tó dé.

Ẹ po gíráàmù 3 aró lúbúlúbú mọ́ omi gbígbóná mílílítà 100, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ wá pín in sí ife mẹ́ta: ọ̀kan bó ṣe wà, èkejì tí a fi omi là ní ìlọ́po méjì, ẹ̀kẹta ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kùn ún sára àjákù, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn àjákù náà. Kí ẹ tó pinnu, ẹ fi omi nu ojú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá gbẹ, torí pé àwọ̀ aró gbígbẹ kì í tàn, ojú tútù ló sì ń fi bí yóò ṣe rí lábẹ́ fánísì hàn.

Tó bá kan abọ́ fúnra rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi àkísà rírọ̀ kùn ún kíákíá kí etí rẹ̀ má bàa gbẹ kí ẹ tó yí i ká. Aró sípírítì máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má sì lò ó nítòsí iná. Aró tí a fi omi pò fẹ́ òru kan kó tó gbẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kíkun aró dúdú ṣáájú, kí a fi sáńpépà ha á títí dúdú yóò fi kù sínú ìlà igi nìkan, kí a tó wá fi àwọ̀ ìyeyè bò ó, kí a sì fi pupa pa ẹnu abọ́. Níbi tí ìyeyè àti pupa bá ti pàdé, àwọ̀ ọsàn pípọ́n yóò jáde fúnra rẹ̀, pàápàá bí ẹ bá fi àkísà tútù fà wọ́n wọ inú ara wọn.

Fún fánísì, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kun ohun tí a fi sípírítì pò sórí aró sípírítì, nítorí yóò tún aró náà yọ́, yóò sì fà á káàkiri. Fífọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ ẹ́. Fánísì olóròóró máa ń pọ́n, nítorí náà kì í ṣe fún búlúù. Ẹ tan àkísà olóròóró sílẹ̀ níta kó gbẹ, torí pé èyí tí a bá ká jọ lè gbiná fúnra rẹ̀. Èmi máa ń fi inú abọ́ sílẹ̀ láìrẹ, n kì í sì í fi ọbẹ̀ tàbí oúnjẹ tútù sínú èyí tí mo bá rẹ. Kọ́kọ́rọ́, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń kó sí i, mo sì ń gbé e síbi tí oòrùn ojú fèrèsé kò ti ní í bá a.