Ẹ̀yin tó fẹ́ mú ọmọ kékeré wọ ihò àpáta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi òkùnkùn mọ ọmọ nílé. Ẹ pa iná yàrá, kí òun fúnra rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, kó tún pa á, títí ẹ̀rù ò fi ní bà á mọ́. Bó bá mi orí tí akoto yẹ̀ bojú rẹ̀, akoto yẹn ti tóbi jù. Òtútù tètè ń mú ọmọdé ju àgbà lọ, ẹ mú aṣọ gbígbẹ dání. Tọ́ọ̀ṣì 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ náà. Bí òjò bá ṣú, ẹ má wọlé rárá, omi lè ká yín mọ́ inú ihò. Bí ọmọ bá sì ní ká máa lọ, ẹ yí padà lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú 10 péré lẹ lò.