Bí mo ṣe wọn odò tí ìmìtìtì ilẹ̀ fà ya ní Kalifọ́níà

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí látòkèdélẹ̀. Ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀ ni iye méjì tí kò bára mu tí mo rí nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀. Àwọn kan ní ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1857 sún ilẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 9 ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Carrizo, àwọn mìíràn ní kò ju bíi 5 lọ. Mo ní kí n fojú ara mi wò ó.

Ìlà San Andreas ló gba ibẹ̀ kọjá, ó gùn tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Ilẹ̀ là sí méjì níbẹ̀. Apá tó wà níhà òkun Pàsífíìkì ń fara gbo èkejì kọjá lọ sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Ní Carrizo, kì í rọra rìn. Á há fún ọdún gbọọrọ, á wá já lójijì. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kíní ọdún 1857 tó já kẹ́yìn, nǹkan bí 350 kìlómítà ló ya lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òjò kì í sì pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni àpá rẹ̀ kò fi tètè parẹ́.

Mo lọ sórí ìkànnì OpenTopography, níbi tí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi lidar, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wọn gíga ilẹ̀, yà láti inú bàálù lọ́dún 2005 wà lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì yẹn wúwo, dátà sì wọ́n, nítorí náà àyíká Wallace Creek, ìyẹn odò Wallace tí mo fẹ́ wọn, nìkan ni mo gé. Mo ṣí i nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo máàpù, mo sì ní kó fi òjìji gbé gegele àti kòtò yọ. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa o: QGIS fúnra rẹ̀ máa ń tan ìmọ́lẹ̀ láti àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ọ̀nà kan náà tí ìlà San Andreas ń gbà lọ. Àpá náà kì í hàn dáadáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo yí ìmọ́lẹ̀ sí àríwá-ìlà-oòrùn, ìlà náà yọ ketekete.

Odò Wallace ń bọ̀ láti orí òkè Temblor. Bó ṣe dé orí ìlà, ó ṣẹ́rí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ lé ìlà náà lọ díẹ̀, kó tó padà sí ọ̀nà rẹ̀. Mo wọn ibi tó ṣẹ́rí sí: nǹkan bí mítà 130. Iye tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, Kerry Sieh àti Richard Jahns, tẹ̀ jáde lọ́dún 1984 náà nìyẹn. Èédú tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó gba ilẹ̀ ní bí ọdún 3,700 láti sún odò náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi mìlímítà 35 lọ́dún kan.

Àwọn ojú àgbàrá kéékèèké tó wà nítòsí ló gba àkókò mi jù, torí àwọn ló gbé àpá ọdún 1857 nìkan. Mo gé àwòrán náà sí méjì lójú ìlà, mo wá ń fa apá kan padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń to owó ìwé tó ya kí nọ́ńbà rẹ̀ lè bára mu. Ní bíi mítà 5, etí ọ̀tún pàdé etí ọ̀tún, ìsàlẹ̀ pàdé ìsàlẹ̀. Mo fà á dé 9, etí àgbàrá kan pàdé ti aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n jíjìn wọn kò dọ́gba mọ́. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ Olaf Zielke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi lidar yìí kan náà kọ̀wé lọ́dún 2010 pé bíi mítà 5 ni, ni òtítọ́ wà.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bí ilẹ̀ bá ń kó mìlímítà 35 pamọ́ lọ́dọọdún, mítà 9 yóò gbà á ju ọdún 250 lọ. Mítà 5 kò ní gbà tó ọdún 150, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọdún 160 tí ti 1857 ti ṣẹlẹ̀.

Ojú àgbàrá kò lè sọ ọdún tí èyí tó ṣáájú 1857 wáyé. Ìyẹn di ti kòtò. Ní Bidart Fan, ní Carrizo kan náà, Sinan Akciz, Lisa Grant Ludwig àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbẹ́ ilẹ̀ la ìlà náà já, wọ́n ka ìpele ẹrẹ̀ tó ya, wọ́n sì fi èédú mọ ọjọ́ orí wọn. Lọ́dún 2010 ni wọ́n kéde pé, bí a bá pín in dọ́gba, nǹkan bí ọdún 88 ló ń wà láàárín ìmìtìtì ilẹ̀ kan sí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan súnmọ́ra, àwọn kan sì jìnnà síra.