Bí èmi àti AI ṣe tún kóòdù àtijọ́ kọ

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń ṣírò owó tí oníbàárà máa san. Python 2, ẹ̀dà àtijọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù (àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé), ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àtìlẹ́yìn ti dópin fún Python 2. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di Python 3, kí n sì lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, kó lè yá.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi kí n kó gbogbo fáìlì náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù yẹn ti lọ, kò sì fi ìdánwò kankan sílẹ̀, ìyẹn kóòdù kékeré tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èsì ṣì tọ̀nà. Bí AI bá yí nǹkan padà, kí ni màá fi mọ̀? Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń bi kóòdù àtijọ́ náà léèrè: mo fi òdo sí i, mo fi iye tó dín sí òdo sí i, mo fi ìdajì sí i, mo sì ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó jọ àṣìṣe pàápàá, bó ṣe rí ni mo kọ ọ́. Ìgbà tí mo sọ gbogbo rẹ̀ di ìdánwò tán ni mo tó pe AI.

Fáìlì kọ̀ọ̀kan ni mo ń fún un, tí mo bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, màá fi git, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà kóòdù kọ̀ọ̀kan, pa á mọ́. Ti print, àṣẹ tó ń gbé ọ̀rọ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà, tí Python 3 ń kọ lọ́nà míì, ò gbà á lásìkò rárá. Ó tiẹ̀ rántí pé 5/2, tó ń jẹ́ 2 tẹ́lẹ̀, á di 2.5, ó sì fi //, àmì pínpín tó ń fúnni ní odindi nọ́ńbà, rọ́pò /.

Àmọ́ ìdánwò mẹ́ta kùnà. Nígbà tí mo fi han AI, ó ní kí n yí iye tó wà nínú ìdánwò mi padà. Àlàyé rẹ̀ dùn létí. Ẹni tó ń kánjú á gbà fún un. Mo kọ̀. Mo ṣí Python méjèèjì, mo tẹ round(2.5), àṣẹ tó ń sọ 2.5 di odindi nọ́ńbà, sínú wọn. Ti àtijọ́ ní 3.0, tuntun ní 2. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà! Tí iye bá bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́, Python 2 á gbé e jìnnà sí òdo, Python 3 á gbé e lọ síbi nọ́ńbà tí méjì lè pín láìṣẹ́kù. Owó oníbàárà sì ni a ń sọ yìí o. Mo ní kí AI lo Decimal, irinṣẹ́ Python fún ìṣirò tó péye, pẹ̀lú ROUND_HALF_UP, ìlànà tó ń gbé ìdajì jìnnà sí òdo bíi ti àtijọ́, ó ṣe é kíá, ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì yege.

Kí n tó gbé e síta, mo kọ ìdí rẹ̀ sókè ìlà yẹn gan-an nínú kóòdù, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ì báà jẹ́ èèyàn tàbí AI, má bàa dá a padà sí round.