Ẹ Má Rọ Ọmọ Tí Rọ́bà Èémí Ṣì Wà Nímú Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, nọ́ọ̀sì ni mí, owó yín tí mo ń rí tó ń ṣòfò ní wọ́ọ̀dù wa ń dùn mí.

Èkínní, ẹ má tíì ra fídà.

Èkejì, ẹ fi agolo mílíìkì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Omi ọyàn ìyá ni, ì báà ṣe ìkán mẹ́ta. Ẹ máa fún un jáde ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lójúmọ́, kí ẹ sì jí fún un lóru.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: rírọ ọmọ. Ọmọ oṣù méje lè fa ìka tí ẹ bá fi sí i lẹ́nu, ẹ ó rò pé ebi ló ń pa á. Ṣùgbọ́n kí ó fà, kí ó gbé mì, kí ó sì mí, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, tí a bá kà á láti inú oyún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìdí tí a fi ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín tó wọ ikùn rẹ̀ bọ́ ọ nìyẹn. Lóru ọjọ́ kan, ìyá àgbà kan fi ṣíbí rọ omi gúlúkóòsì sí ẹnu ọmọ tó wà lórí CPAP, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ nímú kó lè mí. Nígbà tí mo dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ike omi ẹ̀rọ náà ṣì ń hó, ètè ọmọ ti dúdú bí aró. A fa omi náà jáde, ọmọ yè. Màmá ń sunkún: "Nọ́ọ̀sì, kó lè lókun ni mo ṣe ṣe é o." Mo mọ̀. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ló gba omi yẹn.

Bí ikùn rẹ̀ bá wú, ó lè jẹ́ atẹ́gùn ẹ̀rọ. Ẹ má dí ẹnu rọ́bà oúnjẹ tí a ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde, ẹ pè wá.

Àgbo ńkọ́? Rárá.

Ti okun ara wàyí: ẹ má nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀ bí ọmọ tó pé oṣù tí ẹ ń wẹ̀ nílé. Kíká ló ká jọ sínú yín. Bí ó bá tẹ́ sílẹ̀ gbalaja, itan rẹ̀ á ṣí bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, á sì máa le bẹ́ẹ̀. Ẹ ká ìró yí i ká, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí nǹkan tì, kí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹnu. Ẹ jẹ́ kó sùn. Mímí nìkan ti tó iṣẹ́ fún un.

Èyí tó dára jù kì í gba owó: kí ẹ gbé e lé àyà, ara kan ara. Bogotá ní Kòlóḿbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ amúọmọgbóná kò tó. Láti 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ó tó wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́, kí a má sì fi falẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ọmọ orí CPAP náà lè ṣe é. Àwa la ó gbé rọ́bà, tí a ó so ó mọ́ èjìká yín. Bàbá ọmọ, ẹ bọ́ ẹ̀wù kí ẹ jókòó, ẹ gbà á kí ìyá rẹ̀ lọ jẹun.